Egbò ìdí bàbá: ọjọ́ wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Bàbá mi, ẹni ọdún 74, ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun itan wọn sì kán lókè níbi tó ti wọnú ìbàdí. Ọjọ́ 9 ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, torí owó kò tètè pé, ẹ̀jẹ̀ wọn náà kò tó. Iṣẹ́ abẹ gba wákàtí 3. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ la rí ibì kan tó dúdú ní ìdí wọn, gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó kán sì léròrò. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ orí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn nọ́ọ̀sì ni kò yí wọn. Ta ló jàre? Ìyá mi, ẹni ọdún 66 tó ní ìtọ̀ ṣúgà, náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn lóṣù tó ń bọ̀, dókítà sì ní yóò tó wákàtí 5. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n ra mátírẹ́ẹ̀sì onáfẹ́fẹ́ sílẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú bàbá, o sì kú àìsùn. Ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, pọ̀ ju èyí tí mo fi wà ní wọ́ọ̀dù lọ, ojú tíátà ni mo sì máa fi dá ọ lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́rùn, kò sì ní tẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn náà lọ́rùn. Egbò tí ẹ rí lọ́jọ́ kẹta yẹn, ó ṣeé ṣe gidigidi kó jẹ́ pé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 9 tí bàbá fi ń retí.

O mọ ìbẹ́pẹ tó já láti orí igi. Lọ́jọ́ tó já, o gbé e, o yí i lọ yí i bọ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbẹ́ tó fi balẹ̀ ti rọ̀, ó ti dúdú, o sì ń bi àwọn ọmọ pé ta ló tẹ ìbẹ́pẹ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ara. Nígbà tí ìwúwo ara bá há ẹran mọ́ àárín egungun àti tábìlì, èyí tó fara ti egungun ló kọ́kọ́ ń kú, torí pé ẹran kì í lè fara da àìrí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ tó awọ. Awọ á ṣì máa dán lókè. Ó máa ń tó wákàtí 48 sí 72 kí àwọ̀ àlùkò tàbí dúdú tó yọ síta. Ìdí nìyí tí egbò tíátà fi máa ń di ẹ̀bi wọ́ọ̀dù.

Ní ọdún 1930, dókítà kan tó ń jẹ́ Eugene Landis wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn nínú àwọn òpójẹ̀ tín-ín-tín tó wà nídìí èékánná ọmọ ènìyàn. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé, nǹkan bíi 32 ló bá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá bàbá ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń kọ ní 120 lórí 80. O rí i pé 32 kò tó nǹkan. Gìgísẹ̀ àgbàlagbà tó tinrín lórí tábìlì líle ń ru ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Má wá rò pé bó bá ti kọjá 32 báyìí, egbò ti dé nìyẹn o. Michael Kosiak fi ajá dán an wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1959: ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńlá fún ìgbà díẹ̀ ń ba ẹran jẹ́, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kékeré fún ìgbà pípẹ́ náà ń bà á jẹ́. Bó ṣe wúwo tó àti bó ṣe pẹ́ tó, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Kí ló dé tí àwa tó ń sùn lórí ẹní kì í jí pẹ̀lú egbò? Torí pé a ń yí. Láàárín òru, ara á ní ìdí ń dùn mí, wàá yí, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé o yí. Ohun tí oògùn akunlóorun ń pa mọ́ ara lẹ́nu nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé wọn ò kun bàbá lóorun rárá, pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún fún wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí egungun itan wọn kán. Wọ́n á máa bá dókítà ṣàwàdà, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ara ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ará ilé kì í sì í mọ̀ ni pé kíkú tí ẹsẹ̀ kú yẹn kì í tán ní tíátà. Wọ́n á ti gbé wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo yín á ti máa dúpẹ́, ẹsẹ̀ ò ní tíì jí fún wákàtí mélòó kan, gìgísẹ̀ á sì wà níbi tí wọ́n gbé e sí gẹ́lẹ́.

Ó wá ku kí a mọ ohun tó fi jẹ́ bàbá, tí kò fi jẹ́ ẹlòmíì tí wọ́n jọ wọ tíátà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kò purọ́: awọ àgbà ti fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, egungun ti sún mọ́ ìta. Àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kì í dá egbò sílẹ̀. Ọjọ́ 9 yẹn ni kí o wò. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ kán kì í lè yí ara rẹ̀; bó bá mira pẹ́nrẹ́n, ìrora á gbà á mú. Bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ ilé ìwẹ̀: ìgbà wo ni wọ́n ṣubú, ìgbà wo lẹ tó rí wọn? Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀dì onítáyà ti ẹ̀ka pàjáwìrì, tí fóòmù rẹ̀ kò nípọn rárá, tí ènìyàn sì lè wà lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì nítorí pé kò sí àyè ní wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́ọ̀dù, níbi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so nǹkan tó wúwo mọ́ ẹsẹ̀ tó kán kó lè dúró lójú kan. O ní gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó kán ló léròrò, èkejì kò léròrò. Ìyẹn nìkan ti rojọ́.

Ẹ̀jẹ̀ wọn tí kò tó náà wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn lọ fún ẹran. Bó bá kéré, ẹran tí ìwúwo ara ti fún lọ́rùn kò ní ohun tí yóò fi mí.

Ebi ló wá kù, òun ló sì máa ń bí mi nínú jù. Ìlànà tí àwọn dókítà akunlóorun ń tẹ̀lé káàkiri ayé ni wákàtí 6 láìjẹ oúnjẹ àti wákàtí 2 láìmu omi lásán. Ohun tí a máa ń sọ lọ́pọ̀ ọsibítù wa ni "má fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́." Ọ̀sán ọjọ́ kejì á pọ́n, aláboyún tó nílò iṣẹ́ abẹ kíákíá á wọlé dé, tàbí iná á lọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń retí kò ní dé, wọ́n á sún bàbá sí ọjọ́ kejì. Wọ́n á mu ẹ̀kọ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, alẹ́ á tún lẹ́, "má fi nǹkan kan kan ẹnu." Bí wọ́n bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta fún àgbàlagbà tí kò lẹ́ran lára tẹ́lẹ̀, ara tó máa gbé wọ tíátà ò ní ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó gbé e gun tábìlì pé ìgbà wo lo jẹun gbẹ̀yìn. Ìdáhùn tí mo gbà nígbà míì, kò ṣeé sọ.

Nínú tíátà fúnra rẹ̀, wákàtí 3 tí wọ́n sọ fún yín, wákàtí abẹ ni. Kò ka ìgbà tí wọ́n fi gún abẹ́rẹ́, ìgbà tí wọ́n fi tò wọ́n sórí tábìlì, àti ìgbà tí wọ́n fi ń retí ẹni tó máa gbé wọn padà. Fóòmù tábìlì kì í nípọn, torí oníṣẹ́ abẹ kò fẹ́ kí aláìsàn máa mì. Bó bá sì ti gbó, á ti pẹlẹbẹ bí ẹní. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà náà ń fà á wálẹ̀, bó bá sì ti wálẹ̀, ibi tí egungun tẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ sá kúrò. Oògùn tí wọ́n fi ń gbé ìfúnpá sókè máa ń fún òpójẹ̀ awọ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ọkàn àti ọpọlọ. Ó ń gba ẹ̀mí là, n kò bú u. Ṣùgbọ́n awọ ló ń jẹ gbèsè rẹ̀. Òtútù yàrá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi iodine tí wọ́n fi nu ara lè ṣàn lọ sábẹ́ ìdí, kó sì rin awọ gbingbin fún odidi wákàtí 3.

Fífà tún wà níbẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin bá gbé aláìsàn, ó gbéra nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé méjì ló fà á, awọ ìdí á lẹ̀ mọ́ aṣọ, egungun inú á yọ̀ lọ, òpójẹ̀ tó wà láàárín wọn á nà, á ká, àwọn kan á já. Irú rẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù bí ẹ bá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè jù kí bàbá lè jókòó gba àlejò, tí wọ́n wá ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ, àfi tí wọ́n bá ń jẹun tàbí tí dókítà bá ní kí ẹ gbé e sókè.

O lè bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan lọ́jọ́ kìíní. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé àmì àkọ́kọ́ ni kí awọ pọ́n, tí o bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní funfun. Òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣàpẹẹrẹ. Lára èmi àti bàbá rẹ, pípọ́n yẹn kì í hàn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìwádìí ti fi hàn pé ara aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti sábà máa ń rí egbò yìí nígbà tó bá ti jinlẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń wá a, ojú nìkan kò tó. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan awọ ìdí, kí o tún kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ó gbóná ju èkejì, àbí ó tutù jù ú? Ṣé ó le gbandi, àbí ó rọ̀ bíi pé omi wà nínú rẹ̀? Ṣé ó ń dán? Ṣé ó dúdú ju bó ṣe máa ń rí lọ? Ṣé ó ń dun bàbá bí o ti kàn án? Ọ̀kan péré nínú wọn tó láti pe nọ́ọ̀sì.

Ta ló wá jàre? Ìjà yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Jean-Martin Charcot, dókítà ńlá ní Paris, ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ pé ọpọlọ tàbí iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn tó bàjẹ́ ló ń fa egbò yìí, pé ó ti kọjá agbára nọ́ọ̀sì. Florence Nightingale ní tirẹ̀ di ẹ̀bi náà ru ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbè lẹ́yìn Nightingale, nọ́ọ̀sì yín ń gbè lẹ́yìn ìran Charcot, kò kàn mọ̀ ni. Lójú tèmi, bí ẹ̀sùn bá wà, ibòmíì ni mo máa fi í sí: ta ló wo ìdí àti gìgísẹ̀ bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n dé ọsibítù? Ta ló wò ó ní òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ? Ta ló wò ó nígbà tí wọ́n gbé wọn kúrò lórí tábìlì, ibo ló sì kọ ọ́ sí? Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan, gbogbo yín á kàn máa jiyàn lásán ni. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá sì ń tọ́jú odidi wọ́ọ̀dù mọ́jú, yíyí ènìyàn ní wákàtí méjì-méjì máa ń wà lórí ìwé ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo ti wà ní ipò náà rí, mi ò lè purọ́.

Bàbá ló kàn báyìí. Ẹ má bẹ́ ròrò gìgísẹ̀ yẹn. Bó bá gbẹ, tó di èèpá dúdú tó le, tí kò rùn, tí kò wú, tí kò sì ṣomi, ẹ má ṣí i. Ìdérí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé òkè ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan rárá. Ẹ má bu omi sínú ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ wá fi sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa kọ́ yín, èmi náà ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n kì í gbé ìwúwo kúrò. Òrùka rọ́bà tí wọ́n ń jókòó lé, ẹ má rà á: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa fún ẹ̀jẹ̀ pa yí egbò ká. Ẹ má fi spirit, Robb tàbí àdí ra ibi tó dúdú. Ẹran tó ń kú lábẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n tún máa fọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ egungun. Tábìlì tíátà fi ẹ̀yìn wọn balẹ̀ tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, kí ìrọ̀rí gbè wọ́n lẹ́yìn, kó má jẹ́ gbalaja lórí egungun ìbàdí. Kí ẹ tó yí ẹsẹ̀ tó ní iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà egungun nípa bó ṣe yẹ kó wà. Ẹ ní kí wọ́n fún wọn ní oògùn ìrora kí ẹ tó yí wọn. Ẹni tó ń jẹ̀rora kò ní gbà.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí àwọn amòye ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ní egbò tí kò sì jẹun kánú ni purotéènì gíráàmù 1.25 sí 1.5 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wúwo. Bí bàbá bá jẹ́ kílò 50, á tó 63 sí 75. Ẹyin kan kò ju nǹkan bíi 6 lọ, nítorí náà ẹ̀kọ lásán kò lè débẹ̀. Ẹja, mọ́ínmọ́ín, sóyà, wàrà, díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Bí kíndìnrín wọn bá ní ìṣòro, kí dókítà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ibi dúdú ìdí yẹn bá ṣí, tó ń rùn, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti padà wá.

Ní ti màmá, wọn ò ní dùbúlẹ̀ bí bàbá ṣe dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n sábà ń ṣe é. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìdí, yí i padà sí iwájú: iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, ọmú, egungun ìbàdí méjèèjì níwájú, orúnkún, ìka ẹsẹ̀. Mo rí ẹbí kan rí tó ń yí ìyá wọn wò lẹ́yìn ní àràárọ̀, tí egbò sì wà lábẹ́ ọmú.

Ìtọ̀ ṣúgà ń ba òpójẹ̀ kéékèèké jẹ́, ó ń mú ẹsẹ̀ ṣíwọ́ ìmọ̀lára, ó sì ń jẹ́ kí egbò pẹ́ kó tó jinná. Ẹ ní oṣù kan, ẹ lò ó. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti àárọ̀ ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ń mu sìgá tàbí fín aáṣáà, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù fi òṣùwọ̀n Braden wọn ewu wọn. Ọdún 1987 ni òṣùwọ̀n yẹn jáde, máàkì rẹ̀ jẹ́ 6 sí 23, ẹni tó bá gba 18 tàbí kó kéré sí i ló wà nínú ewu. Òṣùwọ̀n dáadáa ni fún ẹni tó ti dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá á fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ sílé ìtura fúnra wọn, wọ́n á sì gba 22 tàbí 23. Wọ́n á kọ ọ́ pé kò sí ewu. Wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti di ẹni tí kò lè mi ìka ẹsẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn nọ́ọ̀sì tíátà kan ní Amẹ́ríkà fi ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Scott Triggers. Ohun mẹ́rin ló ń wò: ọjọ́ orí 62 sókè; albumin, ìyẹn purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, tó wà nísàlẹ̀ 3.5, tàbí kí ènìyàn tinrín jù tàbí kó sanra jù; kí dókítà akunlóorun ti fi ènìyàn sí ìpele 3 sókè nínú òṣùwọ̀n ASA, ìyẹn ẹni tí àìsàn ara rẹ̀ kì í ṣe kékeré; àti iṣẹ́ abẹ tó ju wákàtí 3 lọ. Méjì péré ti tó láti sọ pé ewu ga. Màmá ti ní méjì kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn rárá: ọjọ́ orí àti wákàtí 5. Bí ṣúgà wọn kò bá sí níwọ̀n, ó di mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rí dókítà, fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ máa fi sábẹ́ àyà àti ìbàdí wọn, kí lẹ sì máa fi gbé ojú wọn? Ta ni yóò máa wo ojú wọn láàárín iṣẹ́?" Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Bèèrè bóyá wọ́n ní báńdéèjì oní-fóòmù tó ń lẹ̀ mọ́ ara, tí wọ́n ń lẹ̀ sí ibi tí egungun ti yọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ìwọ fúnra rẹ fi fóònù ya àwọn ibi tí mo dárúkọ yẹn, kí déètì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí ẹ tún yà á lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹta.

Mátírẹ́ẹ̀sì onáfẹ́fẹ́: bí owó bá wà, rà á, bàbá ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ báyìí. Kò ní kí ẹ má yí wọn mọ́, ó kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo iná, nítorí náà so ó mọ́ ínfátà, torí bí iná bá lọ láàárín òru, orí pákó ni bàbá máa sùn mọ́jú. Ní alaalẹ́ kí ẹ tó sùn, ki ọwọ́ bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì náà, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, títí dé ibi tí ìdí wọn wà. Bí o bá gbọ́ egungun wọn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó.